Ọkọ̀ Kékeré Tí Kò Gbọ́ "Dúró"

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé ìkẹyìn kọjá ní àdúgbò wa ní Parakou, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ì bá rò pé ẹnìkan ń gé koríko. Ariwo ẹ̀rọ ìgékoríko ni ó ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n koríko kò sí lórí pápá náà mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti jẹ ẹ́ tán. Ohun tó ń sáré nínú eruku pupa yẹn jẹ́ ọkọ̀ kan tí kò ga tó orúnkún, tí kò ní awakọ̀ nínú. Ọmọdébìnrin kan tó dúró sábẹ́ igi máńgòrò ni ó ń fi àpótí kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ darí rẹ̀. Ọkọ̀ náà yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó gun òkìtì kékeré kan, ó fò, ó balẹ̀. Inú gbogbo wa ń dùn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ di adití.

Ọmọ náà fa ìdarí sẹ́yìn, ọkọ̀ kò dúró. Ó yí i sí òsì, ọkọ̀ kò yí. Ó kọjú sí ọ̀kánkán, ó ń sáré lọ títí ó fi kọlu àwọn bíríkì tí wọ́n sá sóòrùn ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Bíríkì mẹ́ta fọ́. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké, táyà ẹ̀yìn sì ń yí nínú afẹ́fẹ́.

Bàbá tó ni bíríkì jáde. Kò pariwo. Ó nawọ́ sí bíríkì tó fọ́, ó ní ọmọ ọmọ òun jókòó síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, kí ìyá rẹ̀ tó pè é wọlé kó wá jẹun. Ó wá bi wá pé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mọ bí a ṣe ń mú un sáré. Ta ni nínú yín tó mọ bí a ṣe ń mú un dúró?" Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, a ní kí Bàbá má bínú. Ṣùgbọ́n a kò rí èsì kankan fọ̀ sí ìbéèrè yẹn.

Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, èmi ni ẹ̀bi náà sì tọ́ sí. Bí a ṣe kọ́ ọkọ̀ náà, àti bí a ṣe tún un kọ́ nítorí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí a bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ àná ni. Ní 1898, ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní New York, Nikola Tesla gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sórí omi níwájú àwọn òǹwòran, ó sì ń darí rẹ̀ láti òkèèrè, láìsí okùn kankan láàárín òun àti ọkọ̀. Ìgbì rédíò ni ó fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ní 1966 ni ilé-iṣẹ́ El-Gi ti Ítálì gbé ọkọ̀ ilẹ̀ irú rẹ̀ jáde fún títà. Tamiya ti Jàpáánù tẹ̀lé e ní 1976 pẹ̀lú àwòrán Porsche 934. Irú àwọn èyí kéré, ẹnìkan lè fi ọwọ́ kan gbé wọn. Àwọn ńlá, tí wọ́n ń pè ní ìdá kan nínú márùn-ún ọkọ̀ gidi, gùn tó sẹ̀ńtímítà 80, wọ́n wúwo ju kílò 10 lọ, epo bẹntiróòlù ni wọ́n sì ń mu. Ohun tó gún mi ní kẹ́ṣẹ́ nìyí: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ olówó ńlá yìí ni ó ń lo ẹ́ńjìnnì Zenoah ti Jàpáánù, 23 cm³ tàbí 26 cm³, ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko àti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá ohun tí wọ́n ń rà lókè òkun wà lábẹ́ òkìtì irin ní Parakou.

A sì rí i níbẹ̀. Ìlú wa ni ojú irin tó ti Cotonou bọ̀ parí sí, lẹ́yìn kìlómítà 438, láti 1936. Kò yani lẹ́nu pé ó kún fún àwọn tó mọ ohùn irin. Lẹ́yìn ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ni débroussailleuse kan wà, 43 cm³, tí ẹni tó ni ín ti pa tì. Mẹkáníìkì náà, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní patron, gbé e wò, ó ní: "Èyí kò kú. Ó sùn ni." Ó fi àtàǹpàkò dí ihò bougie, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní pílọ́ọ̀gì, ó fa okùn, afẹ́fẹ́ ti ìka rẹ̀ dànù. Piston àti òrùka rẹ̀ ṣì dára nìyẹn. Ó fi bougie kan ara irin, ó tún okùn fà: iná búlúù ta pàrà. Epo ló kù. Nígbà tí a tú kabúrétọ̀, awọ pẹlẹbẹ inú rẹ̀, tó yẹ kó máa mì bí awọ gángan, ti gan gbagidi. Awọ tuntun ni a fi rọ́pò rẹ̀. A sì fi igi há èéfín dídì tó ti dí ihò ìtúèéfín dé ìdajì, nítorí pé ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ fẹ́ràn òróró jù.

Ọ̀rọ̀ òróró yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ́ńjìnnì irú èyí kò ní àyè òróró tirẹ̀ bíi ti mọ́tò. Inú epo ni òróró rẹ̀ ti ń bá a. Tí kò bá tó, piston yóò jóná mọ́ ilé rẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, èéfín yóò dí i lọ́nà. Patron ní kí a máa fi 30 mílílítà sí lítà kan, ìgò òògùn ikọ́ ọmọdé tó ní ìlà lára ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ti epo fúnra rẹ̀, gbogbo wa la mọ kpayo, inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Mi ò ní díbọ́n pé mi ò rà á rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí Sèmè-Kraké, 23 oṣù kẹsàn-án 2023, níbi tí iná ibi ìkó-epo-sí ti pa ènìyàn tó lé ní 30. Lítà kan ṣoṣo ni a ń gbé lọ sí pápá, nínú agolo onírin tó ní ìdérí, a kì í sì í bu epo sí ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná.

Irin bẹ́ẹ̀dì àlòkù ni a jó pọ̀ ṣe egungun ọkọ̀. Ressort ìjókòó mobylette ni a fi gbé e sókè. Gbogbo rẹ̀ wúwo tó kílò 14.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni embrayage, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà, tó sì ń tú u. Ó ti wà lára ẹ̀rọ ìgékoríko náà fúnra rẹ̀. Ẹ ti rí eégún tó ń jó òkòtó rí: bí ó bá dúró, abala aṣọ rẹ̀ yóò rọ̀ mọ́ ọn lára, bí ó bá ń yí kánkán, abala yóò fẹ̀, yóò ga, ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò jẹ pàṣán aṣọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irin méjì inú embrayage yìí ṣe ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́jẹ́, ressort fà wọ́n mọ́ra, táyà kò yí. Nígbà tó bá gbóná girigiri, wọ́n á fẹ̀ síta, wọ́n á di agogo irin tó yí wọn ká mú, ọkọ̀ á sì gbéra. Ọmọ iṣẹ́ patron kan, tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà, ló tú u fún wa, tó sì tò ó padà láìwo ibì kankan.

Ẹni tó ṣe ìṣirò ni ọmọdébìnrin tó ń darí ọkọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lycée. Ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin ní ìṣẹ́jú kan, bí àwọn àgbà ì bá ṣe kà á. Òun kọ ọ́ sílẹ̀ ní 7.000, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Bí pignon iwájú bá ní eyín 10, tí ti ẹ̀yìn ní 60, táyà yóò yí ní nǹkan bí 1.167. Táyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 20 ń rin sẹ̀ńtímítà 63 ní ìyípo kan. Ó dé ìdí rẹ̀: kìlómítà 44 ní wákàtí kan. Ọmọ iṣẹ́ náà wo ìwé rẹ̀ pẹ́, ó ní òun ti ń pààrọ̀ pignon láti ọdún mẹ́ta, òun kò mọ̀ pé ènìyàn lè rí iyára lórí ìwé kí ó tó rí i lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì kò ti fi ara wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀nà tí a fi ya ilé-ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ibi iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ wa ń dùn mí. Mo sọ ìyẹn, mo sì kọjá.

Àwọn òbí kan ní eré ọmọdé ni à ń ṣe. Mo rán wọn létí Afate Gnikou ní Lomé, ní WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀. Ní 2013 ni ó fi ara kọ̀ǹpútà àti scanner tí wọ́n ti dà sí ààtàn kọ́ imprimante 3D. Òun náà ṣa irin ààtàn kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Rédíò nìkan ni a rà ní tuntun, láti Cotonou: àpótí tí a ń dì mú, àti àpótí kékeré tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lára ọkọ̀. Èyí tó ń gbọ́ ń rán servo méjì níṣẹ́, mọ́tò kéékèèké tó lágbára. Ọ̀kan ń yí táyà iwájú. Èkejì ní iṣẹ́ méjì: bí ó bá lọ síwájú, á ṣí ẹnu kabúrétọ̀, bí ó bá padà sẹ́yìn, á ti ẹnu kabúrétọ̀, á sì fún bíréèkì. Rédíò òde òní ní ohun tí wọ́n ń pè ní failsafe: bí ọ̀rọ̀ bá já láàárín àpótí méjèèjì, servo á padà síbi tí a ti yàn fún un. A yàn án sí bíréèkì. Mo fi ọkàn balẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ kò já. Bátìrì ló kú. Èmi ni mo sọ pé òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tó fún ọkọ̀, láti fi dín owó kù. Servo tó ń yí táyà ọkọ̀ kílò 14 ń mu iná bí ọ̀dá ṣe ń mu omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ, òkúta ti gbẹ. Àpótí tó ń gbọ́ kú, failsafe tó wà nínú rẹ̀ sì bá a kú. Servo tí kò ní iná kì í padà. Ibi tí iná bá ti bá a sílẹ̀ ni yóò wà. Ẹnu kabúrétọ̀ ló wà ní ṣíṣí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ lycée náà tún mú ìwé. Kìlómítà 44 ní wákàtí kan jẹ́ mítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń sọ pé "ẹ gbà mí" ni ọkọ̀ yóò fi ti ìdí igi dé ẹnu ọ̀nà. Lórí eruku, bí bíréèkì bá tilẹ̀ mú dáadáa, ó kéré tán mítà 15 ni yóò fi dúró. Bí ó bá sì kọlu nǹkan ní eré yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ju kílò 14 sílẹ̀ láti ibi gíga tó mítà méje àti ààbọ̀, òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìṣirò yẹn.

Bátìrì gidi, tó ṣeé gba iná sí, ni a kọ́kọ́ rà. Patron ní ìyẹn kò tó, nítorí bátìrì gidi náà lè kú, okùn rẹ̀ sì lè já nínú gbọ̀ngbọ̀n ọkọ̀. Ó so ressort mọ́ ọwọ́ kabúrétọ̀ kí ó máa fà á padà, ṣùgbọ́n ó tún ní eyín inú servo lè bá ressort du ú. Ẹni tó rí ojútùú ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ìgékoríko ní okùn kan tó jẹ́ pé, bí ó bá kan ara irin, iná bougie á kú, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. Ó mú relais ti 5 volts kan láti inú ẹ̀rọ kan tó ti bàjẹ́, ó so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, relais fa ara rẹ̀ sọ́tọ̀, okùn kò kan irin. Bí iná bá lọ, nítorí ohun yòówù kó jẹ́, relais á dá ọwọ́ sílẹ̀, okùn á kan irin, ẹ́ńjìnnì á kú. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Fóòmù ni a fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí gbọ̀ngbọ̀n má bàa tàn án jẹ.

A ṣe bíríkì mẹ́fà dípò mẹ́ta, a sì lọ pe Bàbá wá sí pápá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. A gbé ọkọ̀ sórí àpótí, táyà wà lókè, a tan ẹ́ńjìnnì. Ọmọdébìnrin náà pa rédíò ọwọ́ rẹ̀: bíréèkì mú, táyà dúró, ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́. Ó tan rédíò padà, ó wá nawọ́, ó yọ okùn bátìrì. Relais dún "tà", gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

Bàbá ní: "Ẹ tún un tàn."

A tan án. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó yọ okùn náà. "Tà." Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rin ẹsẹ̀ 60 láti ibi bíríkì rẹ̀ sínú pápá, ó fi gìgísẹ̀ fa ìlà gígùn kan sínú eruku, ó ní ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ó padà lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé ọmọ lé itan, ó ní kí a máa bá a lọ.