Omi, Iyọ̀ àti Ṣúgà: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtọ́jú Asáré Ọ̀nà Jíjìn ní Èkó

Bí ènìyàn bá dúró ní etí ọ̀sà ní Òtò, nítòsí Ìddó àti Èbúté-Mẹ́tta, ní kùtùkùtù òwúrọ̀ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ohun méjì ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà. Èkíní ni afárá Third Mainland, tí a ṣí ní 1990, tí ó na ara rẹ̀ gbalaja sórí omi, tí gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Èkejì ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń sáré bọ̀ ní méjìméjì àti mẹ́tamẹ́ta láti ìhà Oyíngbò, tí òógùn ti bò bí ẹni tí òjò pa. Nǹkan méjèèjì yìí bá ara wọn tan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2016 ni a kọ́kọ́ sá eré-ìje máratọ́nù ìlú Èkó ti ìgbà tiwa yìí. Pápá Ìṣeré tí ó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti gbéra, wọ́n gba orí afárá náà kọjá, wọ́n sì parí rẹ̀ sí etí òkun ní Victoria Island. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìhà Òtò, Yábàá àti Mushin ti ń fi òwúrọ̀ kọ́ra, bí wọn kò tilẹ̀ ní ju bàtà kan lọ.

Mo ti bi díẹ̀ nínú wọn léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń mu. Ìdáhùn wọn pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ń sáré kò gbọdọ̀ fi omi kan ẹnu, nítorí pé omi a máa mú ara wúwo, a sì máa fa inú rírun. Ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá àtijọ́ ni wọ́n ti gbọ́ èyí. Àwọn kejì gbà pé omi kì í pọ̀ jù: ibikíbi tí a bá ti na píọ̀ wọ́tà sí wọn, wọn a gbà á, wọn a sì fà á gbẹ. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà méjèèjì léwu, àti pé kì í ṣe omi nìkan ni ó yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe omi, iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀, nítorí pé mẹ́ta yìí ni ó jọ ń rìn nínú ìfun ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni gígùn máratọ́nù. Ẹni tí ń sáré a máa ná nǹkan bí kálórì kan lórí kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n, ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ó sá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọn kílò 60 yóò ná bíi 2,500 kálórì kí ó tó dé òpin. Níbo ni yóò ti rí i? Ilé ìṣúra méjì ni ara ní. Ọ̀rá ni èkíní, ó sì pọ̀ débi pé ẹni tí ó gbẹ bí ìgbálẹ̀ pàápàá kò lè ná an tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ọ̀rá ń jó, kò lè dá gbé ẹni tí ń yára. Èkejì ni ṣúgà tí ara tọ́jú sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní glycogen. Gíráàmù 400 sí 500 ni ó máa ń wà lára ẹni tí ó jẹun dáadáa, gíráàmù kọ̀ọ̀kan a sì máa mú bíi kálórì mẹ́rin wá, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kò ju 2,000 lọ. Ọ̀rá a máa bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí eré bá ti le tó ni ṣúgà ń tán tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ asáré fi ń dé nǹkan bí kìlómítà 30 tí ẹsẹ̀ wọn a dà bí òjé, tí ojú wọn a ṣú, tí wọn a sì máa rìn níbi tí wọ́n ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Èkó a máa wí pé ọjà Oyíngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ọjà ti ara kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ṣúgà kò bá wá, gbogbo ọjà ni ó ń tú.

Ọ̀ràn ooru tún wà níbẹ̀. Iná ààrò ni iṣan tí ń ṣiṣẹ́, òógùn ni a sì fi ń pa á. Ṣùgbọ́n òógùn fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń tu ara. Gbígbẹ tí ó ń gbẹ kúrò lára ni ó ń gbé ooru lọ. Ní Kánò, nígbà ọyẹ́, òógùn a ti gbẹ kí ènìyàn tó rí i. Ní Òtò tí ọ̀sà yí ká, tí òkun kò sì jìnnà, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, òógùn kò rí ibi gbà, ńṣe ni ó ń kán tótó sílẹ̀. A ná omi, a kò rí ìtura rà. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, asáré lè pàdánù lítà kan sí lítà kan àbọ̀ ní wákàtí kan, àwọn mìíràn a sì tó lítà méjì. Iyọ̀ náà ń bá a lọ: ẹ wo ẹ̀wù dúdú asáré lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, ẹ ó rí àmì funfun lẹ́yìn rẹ̀.

Èrò pé kí asáré má mu omi kì í ṣe ti àwọn olùkọ́ wa nìkan. Àwọn òyìnbó pẹ̀lú gbà á fún ìgbà pípẹ́. Nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ti St. Louis ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 1904, ooru mú gan-an, eruku sì bo ọ̀nà, síbẹ̀ omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lójú ọ̀nà rárá, nítorí pé James Sullivan tí ó ṣètò eré náà fẹ́ mọ ohun tí òùngbẹ yóò ṣe fún ènìyàn. Nínú 32 tí ó gbéra, 14 péré ni ó dé òpin. Thomas Hicks, ẹni tí a fún ní ipò kìn-ín-ní, bẹ àwọn olùtọ́jú rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní omi mu, wọn kò gbà. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi kànìnkànìn nù, wọ́n sì fún un ní funfun ẹyin, ọtí líle àti strychnine, májèlé tí a fi ń pa eku. Pé ọkùnrin náà kò kú jẹ́ ìyanu lójú mi. Àwọn ọmọ Tswana méjì láti Gúúsù Áfíríkà, Len Taunyane àti Jan Mashiani, wà nínú àwọn 14 náà. Ipò 9 àti 12 ni wọ́n mú.

Nígbà tí ayé yí èrò yìí padà, ó yí i kọjá ààlà. Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, ohun tí a ń kọ́ asáré ni pé kí ó máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kí ó sì mu ìwọ̀n tí ikùn rẹ̀ bá lè gbà. Ní máratọ́nù Boston ti 2002, obìnrin kan kú, kì í ṣe nítorí àìmu omi, bí kò ṣe nítorí àmujù. Àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ asáré 488 wò ní ọdún náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005: ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn tí ara wọn wúwo sí i lójú ọ̀nà, àti àwọn tí ó ju wákàtí mẹ́rin lọ kí wọ́n tó parí, ni ọ̀ràn náà kàn jù. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Omi a la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, omi náà a wọ inú ọpọlọ, ọpọlọ a sì wú, bẹ́ẹ̀ agbárí kò ní àyè tí yóò fún un. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn tí ń sá eré àsápajúdé ni ewu yìí ń dọdẹ jù, bí kò ṣe ẹni tí ń sáré jẹ́jẹ́, tí àyè wà fún un láti dúró mu omi ní gbogbo ibùdó.

Ohun tí ó lè là wá láàárín ewu méjèèjì ti wà nítòsí wa tipẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni a wá a fún. Ní 1960, Robert Crane ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ tí wọ́n péjọ ní Prague pé ọ̀nà kan wà ní ara ìfun kékeré tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé sínú ara. Bí méjèèjì bá ti wọlé, omi a tẹ̀ lé wọn. Láti inú ìmọ̀ yìí ni omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ti jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó ti kọ́ni ní ìṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà tí kò jìnnà sí ibi tí mo ń wí yìí, kéde rẹ̀ káàkiri nígbà tí ó di Mínísítà Ìlera ní 1985. Lónìí, àpò ORS àti síńkì ni àwọn oníṣègùn ń fún ọmọ tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá mú, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ó dàgbà ní Mushin kò tíì gbàgbé ìgò bíà kan, ṣíbí iyọ̀ kékeré kan àti ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá.

Asáré kò jọ ọmọ tí ń ṣàìsàn, nítorí náà ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ yí padà: iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà púpọ̀. Píọ̀ wọ́tà méjì jẹ́ lítà kan. Kí a da gíráàmù ṣúgà 60 sí i, èyí tí ó tó ṣíbí tíì 15 tí a rẹ́ lórí, àti iyọ̀ tí kò ju ìdámẹ́rin ṣíbí tíì kan lọ, kí a fún ọsàn sí i kí ó lè dùn. Bí asáré bá mu ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ní wákàtí kan, ó ti rí gíráàmù ṣúgà 30 sí 45. Èyí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí wọ́n ń dì sínú ìgò tí wọ́n ń tà lówó gọbọi.

Mélòó wá ni kí olúkúlùkù mu? Òṣùwọ̀n ni yóò sọ. Kí ó wọn ara rẹ̀ láìwọ bàtà, kí ó sáré fún wákàtí kan, kí ó nu òógùn nù, kí ó sì tún ara wọ̀n. Bí kílò 60 bá di 59.2, tí ó sì ti mu píọ̀ wọ́tà kan lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé lítà kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni òógùn gbé lọ. Kò pọn dandan kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà nígbà tí ó ń sáré. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kí àdánù má ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, bí àwọn ògbóǹtarìgì tilẹ̀ ń kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wúwo ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, ó ti mu àmujù. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó gbọ́ ti òùngbẹ rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, Abraham Kiptum, ọmọ Kenya, ni ó gba ipò kìn-ín-ní ní Èkó ní 2016, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí àwọn asáré ilẹ̀ rẹ̀ ń jẹ. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2004 fi hàn pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí àwọn ọ̀jáfáfá ibẹ̀ ń rí nínú oúnjẹ ni ó ń wá láti inú oúnjẹ afúnnilágbára: ugali, tí í ṣe tùwó àgbàdo, ìrẹsì, àti ṣúgà tí wọ́n ń bù sínú tíì onímílíìkì. Kí ni ó wà níbẹ̀ tí kò sí ní Oyíngbò? Ẹ̀kọ, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì Agége ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí asáré jẹ wọ́n dáadáa ní ọjọ́ méjì tí ó ṣáájú eré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ó bá ku wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ògì tí a da ṣúgà sí àti búrẹ́dì tó. Ata, epo àti ẹ̀wà kì í ṣe ti àkókò yẹn, bí ó tilẹ̀ dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀wà Agànyìn. Lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀mìnì kan ní bíi gíráàmù 25 oúnjẹ afúnnilágbára, dàbínù mélòó kan sì rọrùn láti fi sápò. Kí ó ti fi gbogbo èyí kọ́ra ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ikùn pẹ̀lú ń kọ́ṣẹ́. Obì ní kaféènì nínú, ó sì lè mú ènìyàn jí pépé, ṣùgbọ́n kò rọ́pò oúnjẹ.

Ó ku àwa tí a ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí a ń fi àánú nawọ́ omi. Bí a bá rí asáré tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tí ó ń sọ̀rọ̀ kátikàti, kí a gbé e sí ibòji, kí a bọ́ aṣọ rẹ̀, kí a da omi tútù sí i lára láìdáwọ́dúró, kí a sì pe oníṣègùn. Bí ara rẹ̀ kò bá gbóná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, tí ìka rẹ̀ wú tí òrùka fi há, tí kò sì mọ ibi tí ó wà mọ́, kí a bi àwọn tí wọ́n jọ ń sáré bí omi tí ó mu ti pọ̀ tó. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tún mu omi, bí ó tilẹ̀ béèrè. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí a sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé eré ọ̀nà jíjìn ni ó sá, kí wọ́n má baà gbé omi sí i lára kí wọ́n tó yẹ iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.