Bọ́ọ̀lù Kò Gbọdọ̀ Jẹ Owó Ọbẹ̀: A Rántí Teslim Balógun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń rí i nínú jàmáà wa. Bí baálé ilé kan bá pa ipò dà, tí a sì ti kírun sí i lára tán, ẹnu gbogbo ènìyàn a dọ́gba lórí ìyìn rẹ̀. Wọn a ní ó fẹ́ràn aya àti ọmọ rẹ̀, wọn a ní ó mọ owó ṣún ná, wọn a tún fi kún un pé ẹlẹ́yẹ ni, pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá tí a kò ní bá a.

Ìyìn mẹ́ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, àwọn kan wà lóde òní tí wọ́n gbà pé ìwà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè bá ara wọn gbé inú ilé kan. Ìyàwó a ní bí ọkọ òun bá ti rí bọ́ọ̀lù, ó ti gbàgbé ilé nìyẹn. Ọkọ náà a ní bí òun bá ń ṣúnwó ná, ahun ni àwọn ẹgbẹ́ òun yóò máa pe òun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí a fi ìtàn ọkùnrin Mùsùlùmí kan tí ó gba bọ́ọ̀lù jù gbogbo wa lọ wo ọ̀rọ̀ yìí. Olóògbé Teslim Balógun ni.

ÀRÁ TÓ SÁN DÉ ÌLÚ ỌBA

Ìlú Èkó ni a ti bí Teslim Balógun ní ọdún 1927. Bọ́ọ̀lù tí ó ń gbá le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ní "Thunder", èyí tí í ṣe àrá. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun nílẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ ni ó ń kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jọ: Rélùwéè ní tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní tiwọn, ilé ìfowópamọ́ náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ẹ bá rí lórí pápá nírọ̀lẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Iṣẹ́ ni ó ń ṣíwájú, eré ni ó ń tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1949, wọ́n ṣa agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún jọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Etim Henshaw ni olórí wọn, Teslim Balógun sì wà lára wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù, aṣọ ni wọ́n fi ń di ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n bá ẹgbẹ́ Marine Crosby pàdé, wọ́n sì fi àmì ayò márùn-ún sí méjì nà wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, wọ́n sì fi ayò méjì sí òdo borí Sàró.

Ní ọdún 1955, Balógun padà sí Ìlú Ọba, ó wọ ẹgbẹ́ Peterborough United. Nígbà tí ó di ọdún 1956, ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba bọ́ọ̀lù owó nínú líìgì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà mẹ́tàlá ni ó ṣeré fún wọn nínú líìgì náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá ẹgbẹ́ Holbeach United.

OWÓ TÍ KÒ TÓ NǸKAN

Ẹ̀yin ìyá wa, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi nìyí. Ẹni tó bá gbọ́ pé ènìyàn lọ gba bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba lónìí, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni owó rẹpẹtẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Òfin wà níbẹ̀ pé agbábọ́ọ̀lù kan kò gbọdọ̀ gbà ju iye kan lọ lọ́sẹ̀, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó. Ní àkókò tí Balógun dé Queens Park Rangers, pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ga jù lọ́sẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fa òfin náà ya. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn yóò ti san owó ilé, tí yóò ra èédú tí yóò fi lé òtútù, tí yóò jẹun, tí yóò sì rántí àwọn tí ó fi sílẹ̀ nílé. Ẹni tí kò bá mọ owó ṣún ná lábẹ́ irú òfin yẹn, gbèsè ni yóò fi bora sùn.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kì í pẹ́ gbó. Bí ènìyàn bá ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lára rẹ̀. Balógun kò dúró kí ìyìn àná máa bọ́ òun. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni bọ́ọ̀lù, ó padà sílé, ó sì ń fi ohun tí ó mọ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó wà lára àwọn tí ó tọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà sọ́nà lọ sí Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò ní ọdún 1968, níbi tí àwọn ọmọ wa ti bá Bràsíìlì ta ọ̀mì, ayò mẹ́ta sí mẹ́ta.

Ní ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 1972, ó sùn, kò sì jí mọ́. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni. Ọmọ mẹ́jọ ni ó fi sáyé. Pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Sùúrùlérè, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007, wà níbẹ̀ títí di òní.

Nítòsí wa níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ògùn, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Mudaṣíru Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1954, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde. Ó wà nínú ẹgbẹ́ IICC ti Ìbàdàn tí ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 1976. Òun ló gbá ẹ̀kẹta wọlé nígbà tí Nàìjíríà na Àlìjéríà ní ayò mẹ́ta sí òdo l'Ékòó ní ọdún 1980. Ọdún 1991 ni ó kú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀kan kú ní márùndínláàádọ́ta, èkejì kú ní mẹ́tàdínlógójì. Ta ló wá lè sọ pé òun ṣì ní àkókò púpọ̀ láti tún ilé òun ṣe?

ERÉ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Àwọn kan ń rò pé ẹni tó bá mọ Ọlọ́hun kò gbọdọ̀ fẹ́ràn eré. Hádíìsì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá ìyá wa Áíṣà sáré ìje. Áíṣà kọ́kọ́ borí, nígbà tó yá Ànábì náà borí, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rín. Ó jẹ́ kí Áíṣà dúró lẹ́yìn òun kí ó máa wo àwọn ará Habaṣa tí ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré. Áíṣà kan náà ló tún jẹ́rìí pé bí Ànábì bá wà nílé, iṣẹ́ ilé ni ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe, àfi bí àkókò ìrun bá tó. Ẹ wo bí eré, ilé àti ìrun ṣe bá ara wọn gbé láìsí ìjà.

Ẹ wo àyíká yín, ẹ ó rí irú baálé ilé bẹ́ẹ̀ ní Akaka, ní Ìṣarà, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní Ṣàgámù. Ó kírun àsùbáà, ó lọ sóko tàbí sídìí obì gbàǹja rẹ̀. Owó èésú rẹ̀ kì í yẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó dúró létí pápá iléèwé, ó ń kígbe mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n ta bọ́ọ̀lù sápá ọ̀tún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti délé. Ahun kọ́ ni, àpà kọ́ ni. Àárín méjèèjì ni Ọlọ́hun fẹ́ kí a wà, gẹ́gẹ́ bí Suratul-Furkọ́ọ̀nì ṣe kọ́ wa. Ahun a máa fi ebi pa ọmọ nítorí owó, àpà a máa fi owó tọrẹ fún ará ìta nígbà tí ọmọ kò ní bàtà. Ẹni tó ń ṣúnwó ná mọ ìdí tí òun fi ń fi pamọ́. Owó tí ènìyàn ná lé aya àti ọmọ lórí, ẹ̀san rẹ̀ ga lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ju púpọ̀ nínú ọrẹ tí à ń ṣe níta.

TẸ́TẸ́ NI Ọ̀TÁ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ayọ̀ ńlá ni fún gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ. Kí ọkọ yín lọ wò wọ́n, kò burú. Kí ó mú àwọn ọmọ lọ, ó tilẹ̀ dára.

Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́sálásí mọ ohun tí à ń gbọ́ nígbà tí a bá jókòó bá tọkọtaya parí ìjà. Ìyàwó á kọ́kọ́ pe bọ́ọ̀lù lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni a ó bá níbẹ̀. Suratul-Má-ídà ti ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí, àráàmù ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a sì fi ìṣirò kún un. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà (₦500) lójoojúmọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (₦15,000) ló ń ná láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ọdún bá yípo, ó ti di ₦182,500. Owó ọbẹ̀ ni, owó iléèwé ni, owó oògùn ìyá arúgbó ni. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn eré rárá, owó tí kò ṣiṣẹ́ fún ni ó fẹ́ràn.

BÍ BAÁLÉ BÁ KÚ

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan àwa tí à ń rántí òkú. Baálé kan fi ogún ọdún ṣúnwó jọ, kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, wọ́n ti fi màlúù, aṣọ ẹbí àti ìlù ná an tán. Opó kò tíì jáde nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀, gbèsè ti ń kan ilẹ̀kùn. Ṣé ìrántí nìyẹn? Ní ọjọ́ tí ìròyìn ikú Jáfárù ọmọ Àbú Tọ́líbù dé láti ogun Múútà, ohun tí Ànábì sọ ni pé kí àwọn ènìyàn se oúnjẹ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Aládùúgbò ni kí ó bọ́ olófò, kì í ṣe olófò ni kí ó bọ́ àdúgbò. Gbèsè òkú ni kí a kọ́kọ́ san, kí a mú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ láì kọjá ìdá mẹ́ta kan, kí a wá pín ìyókù bí Suratun-Nisáì ti là á sílẹ̀, tí opó tó bímọ fún un ní ìdá mẹ́jọ kan níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ owó ọmọ òrukàn, iná ni ó ń gbé mì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ wo bọ́ọ̀lù yín, kí owó ọbẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ẹ kọ gbèsè yín àti owó èésú yín sínú ìwé, kí ìyàwó mọ ibi tí ìwé náà wà. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má pe ẹni tó ń ṣúnwó ná fún yín ní ahun. Ẹ bá a jókòó, ẹ jọ ṣírò owó náà, bí eré bá sì wà lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ jẹ́ kí ó lọ dára yá.

Kí Ọlọ́hun Ọba forí jin Teslim Balógun àti Mudaṣíru Lawal, kí Ó fi Alùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ wọn, kí Ó sì ṣe gbogbo baálé ilé wa ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ yóò máa tọrọ àánú fún lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀. Àmín.