Lẹ́tà Àfọwọ́kọ Ológe nínú Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé àti Akọtọ́ Yorùbá

Lẹ́tà àfọwọ́kọ ológe ni oríṣi lẹ́tà ìtẹ̀wé tí ó fara jọ ọwọ́ akọ̀wé tí ó mọ gègé lò: ìlà rẹ̀ a máa tínrín, a sì máa nípọn, lẹ́tà kan a máa so mọ́ èkejì. Àpẹẹrẹ kan ni Edwardian Script, tí Ed Benguiat yà ní 1994. Ó yẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí àti àkọlé. Kò yẹ ọ̀rọ̀ gígùn.

Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú akọtọ́ wa ṣáájú àpérò Èkó ti 1875. Bí lẹ́tà ológe kò bá ní wọn, kọ̀ǹpútà a yá wọn láti inú lẹ́tà mìíràn, tàbí kí òǹtẹ̀wé yọ àmì dànù. Nígbà náà, ‘ọkọ’ inú ìwé ìpè a di ‘oko’. ‘Àrẹ’ inú orúkọ Àgọ́-Àrẹ a di ‘àre’ tí à ń jẹ nílé ẹjọ́.

Ní èrò tiwa, kí òǹtẹ̀wé kọ́kọ́ fi ‘ẹ́’, ‘ọ̀’ àti ‘ṣ’ dán lẹ́tà wò. Bí kò bá gbà wọ́n, kí ó fi lẹ́tà tí ó gba àmì tẹ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú, kí ó sì fi ti ológe tẹ ọjọ́ àti ọdún.