Òórùn Efinrin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí oògùn fara pamọ́ sí lára efinrin, ẹ já ewé kan, ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tó ń dán láàárín irun ara rẹ̀. Àpò òróró ni wọ́n. Bí a bá ti fọwọ́ ra ewé náà, wọ́n á bẹ́, òróró inú wọn ló sì ń fò wá sí wa nímú.

Ọ̀pá efinrin ní igun mẹ́rin, etí ewé rẹ̀ sì rí bí eyín ayùn. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti sage tí àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà fi ń tọ́jú ọ̀nà ọ̀fun.

Nílẹ̀ wa, èròjà tí wọ́n ń pè ní thymol ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú òróró efinrin. Thymol ń pa kòkòrò àrùn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà nínú oògùn ìfọnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ agbára ewé yìí wò, àbájáde wọn sì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Planta Medica lọ́dún 1969. Àwọn ìyá wa ti ń gbo ó fún inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru tipẹ́tipẹ́.

Gbígbo yẹn láìsè é, ọgbọ́n ńlá ni. Òróró efinrin kì í fẹ́ bá omi pò, ooru sì tètè ń gbé e lọ. Ẹni tó ṣí ìkòkò sílẹ̀ tó ń sè é fún wákàtí gbọọrọ, afẹ́fẹ́ ló ń fún lóògùn. Àfi bó bá jẹ́ ti ọ̀fìnkìn, tí a da aṣọ borí láti fa ooru rẹ̀ símú. Ooru yẹn gan-an là ń wá. Ọlọ́bẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè náà kì í já efinrin síkòkò títí ọbẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara tó ń tán ló léwu jù, efinrin kò sì lè dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ògidì òróró efinrin kì í ṣe ohun mímu rárá.

Kì í ṣe gbogbo efinrin ni thymol pọ̀ nínú rẹ̀. Ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, àwọn kan wà tó ń ta sánsán bíi kànáfùrù, nítorí eugenol ló kún inú wọn. Eugenol yìí ni àwọn oníṣègùn eyín ń pò mọ́ zinc oxide láti fi dí ihò eyín.