Ọtí Pupa Inú Igbá: Èló Ló Ń Kù Fún Ìyá Tó Pọn Ọ́n?

Lójú ọ̀nà tó ti Kambolé wá sí Tchamba, títí dé Sokodé, ọtí kan wà tí wọn kì í rọ sínú ìgò, tí wọn kì í lẹ ìwé mọ́, tí kì í sì í pẹ́ ju ọjọ́ mélòó kan lọ kó tó bàjẹ́. Igbá ni wọ́n fi ń bù ú. Ó pupa rúsúrúsú, ó ń hó, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Tchoukoutou ni wọ́n ń pè é ní Togo àti ní Bénin. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á ní tchouk, ó parí. Àwọn Yorùbá Nàìjíríà mọ irú rẹ̀ sí ọtí ọkà. Ní Ghana, pito ni. Lápá òkè ọya ní Nàìjíríà, burukutu ni.

Ilé ni wọ́n ti ń pọn ọtí yìí. Ìyá ló ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ìyàwó ilé ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, àwọn ọmọdé ń pọnmi, àwọn ọkùnrin ilé ń wá igi. Iṣẹ́ ẹbí ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í rọrùn láti dáhùn nídìí ìkòkò: lẹ́yìn tí ọtí bá tán, tí gbogbo gbèsè sì ti san, èló ló kù lọ́wọ́ ìyá ọlọ́tí? Ìbéèrè yìí la fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí, nítorí òun ló máa sọ bóyá àwọn ọmọ tó ń pọnmi lónìí á fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá wọn lọ́la.

Ọ̀sẹ̀ kan fún ọjà ọjọ́ kan

Ẹ̀yin tó ń mu ún, ẹ jẹ́ ká rán yín létí ohun tó wà nínú igbá yẹn. Ọkà bàbà pupa ni wọ́n fi ń ṣe é. Èèpo ọkà yẹn ló fún un ní àwọ̀ pupa, òun náà ló fún un ní ìkorò díẹ̀ tí ẹni tó mọ ọtí ń wá. Ọkà funfun dára fún ọkà jíjẹ, àmọ́ ọlọ́tí mọ èyí tó fẹ́. Àwọn mìíràn ń fi àgbàdo tàbí jéró lú u, bí apá ẹbí kọ̀ọ̀kan ṣe mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á rẹ ọkà sínú omi mọ́jú. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á fi ewé tàbí àpò bò ó kó lè hù. Ìyẹn á gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì máa wọ́n omi sí i. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà: bí kò bá hù tó, ọtí kò ní dùn, bí ó bá hù jù, ọkà ti jẹ adùn ara rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn, tí wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọkà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sè é ni iṣẹ́ ń le. Wọ́n á po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, ọ̀pọ̀ a sì fi igi ilá tàbí èèpo igi tó máa ń yọ̀ sí i, kó lè kó pàǹtí jọ sísàlẹ̀. Wọ́n á bu omi tó tòrò sókè sọ́tọ̀, wọ́n á se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n á tún da méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n á sẹ́ ẹ. Wọ́n á tún gbé e kaná, iná á sì jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá tutù tán, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i. Ìwúkàrà yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà ní bùtíìkì. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ọtí tó kọjá ni wọ́n ti kó o, tí wọ́n sá a, tí wọ́n fi pamọ́. Bí ti ìyá kan bá tán, á yá lọ́wọ́ ìyá kejì. Ìdí nìyẹn tí ọtí ilé kan kì í fi í jọ ti ilé kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ń hó, ó tó tà.

Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni. Ọjọ́ kan tàbí méjì péré ló sì wà láti tà á, nítorí ìwúkàrà kò dáwọ́ dúró. Bó ti ń jẹ adùn inú rẹ̀ ni ọtí ń kan sí i. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bí ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí wáìnì pupa inú ìgò sábà máa ń tó ìdá 12 sí 14. Ọtí náà ni ṣá o. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ gun alùpùpù.

Ẹni tí kì í mu ún náà ń jẹ níbẹ̀

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Sokodé àti Tchamba kún fún Mùsùlùmí, Mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ mu ọtí. Òótọ́ ni. Lọ́wọ́ àwọn Kabiyè àti àwọn Losso ni tchouk ti gbajúmọ̀ jù ní Togo. Púpọ̀ nínú àwọn Kabiyè sì wá tẹ̀dó sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí nígbà ìjọba Faransé, wọ́n sì gbé ìkòkò wọn wá. Bí wọ́n bá bẹ ẹgbẹ́ lọ́wẹ̀ sí oko, tchouk ni wọ́n fi ń ṣàlejò àwọn tó wá ro oko náà.

Ṣùgbọ́n ta ló ń gbin ọkà pupa náà? Ta ló ń rà á nígbà ìkórè, tó ń kó o pamọ́, tó ń tà á nígbà tó bá wọ́n? Ta ló ni ẹ̀rọ ìlọkà? Ta ló ń kó igi ìdáná wá láti oko? Ta ló ń ta ìkòkò, igbá àti garawa? Lára wọn ni Nàgó Kambolé wà, bíi ti Manigri lọ́hùn-ún ní Bénin tí a jọ ń sọ èdè kan náà. Lára wọn ni Kotokoli wà, àti ará Tchamba. Owó igbá tchouk kan ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnu wọn kò kan ọtí rí. Bí ìyá ọlọ́tí bá gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Àpẹẹrẹ lásán la fẹ́ fi ṣe é, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Kí oníkálukú fi iye ti ọjà tirẹ̀ sí i.

Ká ní ìyá kan ra ọkà ní 12,000 fráǹkì, igi ní 3,000, ó san 1,000 fún ẹ̀rọ ìlọkà, 500 fún omi, ó sì fún ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ní 1,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18,000. Ó ta ọtí náà tán, ó rí 20,000. Lójú rẹ̀, ọjà ti tà, nítorí ó rí 20,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n 2,000 ló jẹ lérè. Bí a bá pín in sí ọjọ́ méje tí iṣẹ́ náà gbà, kò tó 300 fráǹkì lójúmọ́. A kò sì tíì ka igbá tí àwọn ọ̀rẹ́ mu láìsanwó, tàbí èyí tí wọ́n mu láwìn.

Ẹ wá wo àkókò òjò, nígbà tí ọkà ọdún tó kọjá ń tán lọ, tí tuntun kò tíì jáde. Ká ní ọkà fi 1,500 lé, igi tó tutù náà fi 1,000 lé. Owó tó ná ti di 20,500. Bí iye igbá kò bá yí padà, 500 fráǹkì ló fi ṣòfò, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó fi lòógùn.

Kí ló sábà máa ń tẹ̀lé irú èyí? Ó nira láti fowó lé igbá, nítorí àwọn oníbàárà á sọ pé èló ni lágbájá ń tà tirẹ̀. Ni ọlọ́tí á bá da omi lé e. Ọtí á dínkù lágbára, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, àwọn tó mọ ọtí á sì gba ibòmíràn lọ. Àwọn mìíràn á lọ mu ọtí líle inú ọ̀rá, tó yára pa wọ́n, tó sì ń ba ara wọn jẹ́ ju tchouk lọ.

Ẹbí kan tó bẹ̀rẹ̀ lórí wáìnì pupa

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Tchamba díẹ̀, ká lọ sí Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kan Togo. Wáìnì pupa ni wọ́n mọ Bordeaux sí. Èèpo èso àjàrà ló ń fún wáìnì ní àwọ̀ pupa, bí èèpo ọkà ṣe ń fún tchouk. Wọn kì í sábà lo irú àjàrà kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n ń po èyí tó le, Cabernet Sauvignon, mọ́ èyí tó rọ̀ lẹ́nu, Merlot. Ọ̀pọ̀ oko àjàrà ibẹ̀ jẹ́ ti ẹbí.

Lọ́dún 1949, àwọn ọmọ ìyá mẹ́sàn-án kan dá ilé iṣẹ́ wáìnì sílẹ̀ níbẹ̀. Castel ni orúkọ wọn. Àwọn òbí wọn kì í ṣe olówó. Láti Sípéènì ni wọ́n ti wá, iṣẹ́ alágbàṣe ni bàbá wọn ń ṣe. Wọ́n ra wáìnì, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n fi orúkọ ẹbí wọn sí i, wọ́n tà á. Wọ́n tà á dé Áfíríkà pàápàá. Nígbà tó di 1990, ẹbí yìí ra ilé iṣẹ́ BGI, tó ní ilé ìpọntí bíà káàkiri Áfíríkà. Lónìí, Brasserie BB Lomé, tó ń ṣe bíà tí à ń mu ní Togo, wà lábẹ́ Castel.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò sọ èyí kí ìyá ọlọ́tí Kambolé lè lálàá pé òun á ra ilé iṣẹ́ bíà. Owó ńlá àti ọ̀nà ọjà ńlá ló gbé ti Castel dé ibi tó dé. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ẹbí náà fi orúkọ sí ohun tí wọ́n ń tà, wọ́n sì mọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde. Ọkà wa pàápàá kì í ṣe ọkà yẹpẹrẹ. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de ọkà báálì tó ń ti òkè òkun wá, lọ́dún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí ńlá ibẹ̀ sáré lọ bá.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọkà wọ́n, igi wọ́n. Síbẹ̀ àwọn nǹkan kan wà tí kò ju agbára wa lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ máa ṣírò. Ẹni tí kò mọ ìwé, kó fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún 500 fráǹkì kọ̀ọ̀kan: apá kan fún ohun tó jáde, apá kejì fún ohun tó wọlé. Kẹ́ ẹ fa ìlà fún igbá àwìn náà.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí owó àjọ ra ọkà lásìkò ìkórè. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń dá tọ́ńtìnì. Bí obìnrin mẹ́wàá bá fi ti oṣù kan ra ọkà pupa pọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tí wọ́n sá a gbẹ dáadáa, tí wọ́n sì kó o sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kòkòrò kò ní rí i jẹ. Nígbà òjò, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni dunàádúrà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi amọ̀ mọ ààrò yí ìkòkò ká, kí iná má baà máa sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi tí ẹ ń dá á dínkù. Ẹ má sì da eérí nù. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń sìn wọ́n á rà á.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ìgò. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi ní Bénin ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí tchoukoutou, lórí bó ṣe ń hó àti bó ṣe lè pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kàn rọ ọ́ sínú ìgò kó dé e pa. Ìwúkàrà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ìgò náà lè bẹ́ mọ́ ẹni lójú. Ó di ìgbà tí wọ́n bá fi iná pa ìwúkàrà náà, ìyẹn sì ń fẹ́ ìmọ̀ àti irinṣẹ́. Kó tó di ìgbà yẹn, igbá tó mọ́, omi tó mọ́ àti òṣùwọ̀n tí kì í yí padà tó láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín lórúkọ.

Ẹ̀yin tó ń mu ún náà, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Bí ìyá ọlọ́tí bá fowó lé igbá rẹ̀ nígbà òjò, kẹ́ ẹ tó bínú lọ sí ilé kejì, ẹ béèrè iye tí ọkà jẹ́ lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá sì ní àwìn lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lọ san án kó tó tún ọkà mìíràn rẹ.