Wọ́n Tún Láptọ́ọ̀pù Mi Ṣe, Mi Ò Rí Ohùn Ìyá Mi Mọ́

Láptọ́ọ̀pù mi ti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà dé, ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí mọ́. Mo tẹ bọ́tìnì, ó tàn wàì. Windows tuntun, àwòrán tuntun lójú rẹ̀, kò sí orúkọ mi níbì kankan. Mo wá fódà tí mo pè ní "Owé", mi ò rí i. Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti bá yín fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí." Mo ní, àwọn fáìlì mi ńkọ́? Ó ní, "Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ fẹ́ fáìlì."

Òótọ́ ni, mi ò sọ. Èmi rò pé ẹni tó gbé bàtà lọ fún ṣúmékà kò nílò láti sọ fún un pé kó má gé òun lẹ́sẹ̀. Láptọ́ọ̀pù náà ń lọ́ra, ó ń dákú, ó ń jí. Ohun tí mo ní kó bá mi wò nìyẹn, ó sì wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú fódà yẹn. Ọmọ Kabba ni mí, Owé ni wá. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ apá ọ̀dọ̀ wa, àwa Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ la jọ ń jẹ́ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ìkíni wa ló sì di orúkọ mọ́ wa lára: "Okun o!" Fún ọdún méjì, ìgbàkígbà tí mo bá lọ sílé, mo máa ń gbé rẹ́kọ́dà kékeré kan síwájú ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, màá ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Yorùbá orí rédíò ni wọ́n ń sọ o, Owé gidi ni, èyí tí àwọn ọmọ tí mo bí sí ìlú ńlá kò gbọ́ dáadáa. Wọ́n sọ̀rọ̀ oko, wọ́n sọ̀rọ̀ orogún, wọ́n sọ̀rọ̀ ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Ade Obayemi, tí òun náà jẹ́ ọmọ Okun, ti kọ ìtàn ilẹ̀ wa sínú ìwé. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó lè sọ bí ìyá mi ṣe máa ń pe orúkọ mi nígbà tí mo bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìyá mi kú. Mo ti kó gbogbo ohùn náà sínú láptọ́ọ̀pù, mo sì ti pa ti inú rẹ́kọ́dà rẹ́ kí àyè lè wà níbẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù láyé, òun náà ni wọ́n fọ́ọ̀mátì.

Nígbà tí a lọ ṣe ìrántí ọdún kan rẹ̀ ní Kabba, mo gbé láptọ́ọ̀pù náà dání. Àbúrò mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. "Okun o, Dádì," ló fi kí mi. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó béèrè ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kò béèrè: "Látìgbà tó ti fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti tàn án?" Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì péré, inú bí mi, mo pa á dé, mi ò fojú kàn án mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbínú yín ló gbà yín. Ẹ má tàn án mọ́ o."

Mo ní kó yé mi. Ó ní, "Ẹ wò ó, Dádì, bí ìgbà tí wọ́n bá hú àmì kúrò lẹ́nu oko ni. Iṣu ṣì wà nínú ebè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ilẹ̀ náà kò ní olúwa, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè tiẹ̀ lé e."

Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Tí a bá pa fáìlì rẹ́, tàbí tí wọ́n bá fọ́ọ̀mátì dísìkì lọ́nà kíákíá, kọ̀ǹpútà kì í nu ohun tó wà níbẹ̀ nù. Àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí i ló ń pa rẹ́, á wá ka ibẹ̀ sí àyè òfìfo. Windows tuntun tí wọ́n gbé sórí tèmi ni àlejò tó kọ́kọ́ kọ ebè, ebè ẹ̀ sì pọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá sì tan láptọ́ọ̀pù, bí a kò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan, Windows á máa kọ nǹkan sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀, á tún gbà nínú oko náà.

Ó mú síkúdíráfà, ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù, ó yọ háàdì dísìkì jáde, ohun pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù mi, dísìkì ayé àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú ẹ̀. Ó ní kí n dúpẹ́. Tó bá jẹ́ SSD tó wà nínú àwọn tuntun ni, bí a bá ti pa nǹkan rẹ́, kọ̀ǹpútà á sọ fún un pé àyè ti ṣófo, òun fúnra ẹ̀ á sì nu ún nù nígbà tó bá ráyè. Ìrètí ibẹ̀ kéré gan-an.

Dísìkì tó ń yí ní wàhálà tiẹ̀ náà. Nínú irú èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, àwo roboto máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí tó ń kà á kò fara kàn án, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, àlàfo àárín wọn sì kéré ju ìbú irun orí lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Eruku ọyẹ́ ẹyọ kan, òkúta ńlá ni níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣí ìdérí dísìkì yín lórí tábìlì kí òun lè yọjú wò ó, ẹ gba ẹrù yín, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ gbé e sínú fíríìsà, ẹ bá a gbé ẹja síbẹ̀ dípò. (Ọdún 1956 ni IBM gbé irú dísìkì yìí àkọ́kọ́ jáde. Àwo 50 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ náà wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún ló sì lè gbà. Ìyá mi á ti sọ̀rọ̀ kún un kó tó kí èèyàn tán.)

Dísìkì tèmi ń ṣàìsàn, òun ló ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù máa dákú látilẹ̀. Ọmọ yìí kò wá nǹkan kan lórí aláìsàn. Ó ní kí n lọ ra dísìkì mìíràn tó tóbi jù ú lọ, ó sì fi ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ ddrescue da gbogbo ohun tó wà lórí tèmi kọ sórí tuntun, àti oko àti igbó. Ètò náà á kọ́kọ́ kó ibi tó dá pé, á fo ibi tó bàjẹ́, á wá padà síbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó tún ń kọ ibi tó dé sílẹ̀: tí iná bá lọ, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iná ọ̀dọ̀ wa mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn èyí. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é.

Lórí ẹ̀dà yẹn ló wá lo PhotoRec, iṣẹ́ ọwọ́ Christophe Grenier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ọ̀fẹ́ lòun náà. PhotoRec kì í béèrè orúkọ. Bí ẹni tó ń wa iṣu nínú òkùnkùn, ó ń fọwọ́ kan orí fáìlì kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá àwòrán ni, àbí ìwé, àbí ohùn. Nọ́ńbà ló sì ń fún ohunkóhun tó bá rí. Orúkọ tí a sọ wọ́n tẹ́lẹ̀ ti bá àmì oko lọ.

Bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan ń yọ lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀: fọ́tò ìyàwó mi, ìwé báǹkì mi, lẹ́tà kan tí mo kọ sí ọ̀gá mi àtijọ́ tí mi ò fi ránṣẹ́. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí. Ohun tó ń gba èmi là yìí ló ń tú àṣírí ẹlòmíì. Lọ́dún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà ra háàdì dísìkì àlòkù ní Tema, ní Gánà. Nínú ọ̀kan tí wọ́n rà ní 40 dọ́là, wọ́n bá ìwé nípa iṣẹ́ olówó ńlá tí Northrop Grumman, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà, ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe. Tí irú wọn bá lè sọ dísìkì nù, kí la fẹ́ sọ nípa àwa tí a ń ta láptọ́ọ̀pù fún ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí a ní a ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́?

Òfin wà báyìí, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023, ṣùgbọ́n mi ò tíì pàdé oníṣẹ́ láptọ́ọ̀pù tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìbéèrè kan péré lèmi fẹ́ kí wọ́n kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù: "Ṣé ẹ fẹ́ ohun tó wà nínú ẹ̀?" Kí wọ́n bi oníbàárà kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí wọn ò bá sì bi wá, kí àwa sọ ọ́ kí a tó gbé e sílẹ̀ fún wọn.

Fáìlì ohùn tó kó fún mi lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, gbogbo wọn ló ń jẹ́ nọ́ńbà. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá ní alẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Orin. Ìwàásù. Orin. Ìpàdé kan tí mo ti gbàgbé pé mo lọ. Ó ti ń lọ sí aago kan òru nígbà tí ẹnì kan wúkọ́, mo sì mọ ìkọ́ náà kí ó tó sọ̀rọ̀.

Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ohùn tó wà nínú fódà yẹn tẹ́lẹ̀. Mọ́kàndínlógún ló padà wá, àwọn mìíràn ò pé. Mp3 ni wọ́n, wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì gé e sí, ìdí nìyẹn tí èyí tó jẹ́ àbọ̀ náà ṣì ń sọ̀rọ̀ títí dé ibi tó já sí. Ẹ̀dà kan ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Kabba báyìí, ọ̀kan wà lórí Google Drive, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi.

Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, ìyá mi ń sọ nípa ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọ agbolé wa. Ó ní ọkùnrin kan ni, ó ga, ó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní, "Orúkọ ẹ̀ ni..." Ó já. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá àbúrò ìyá mi obìnrin, mo ní kó jọ̀ọ́, ta ni ọkùnrin yẹn. Màmá wò mí. "Ọkùnrin bí ti báwo? Obìnrin ni." Ó ní ìyá mi kò tíì gbọ́n nígbà yẹn, kí ló mọ̀? Mo ní kó dúró díẹ̀, mo sáré wọlé lọ mú rẹ́kọ́dà. Nígbà tí mo máa fi dé, ó ti gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní òun ò ní í sọ nǹkan kan títí màá fi jẹun.