Ìrora Abẹ́ Ìdodo Tí Àyẹ̀wò Kò Rí

"Bí o bá ti bímọ, yóò lọ." Ohun tí màmá mi sọ fún mi nìyẹn nígbà tí inú rírun nǹkan oṣù ń dá mi dùbúlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Mo gbà á gbọ́. Mo bí ọmọ méjì, ìrora náà kò lọ. Kò tilẹ̀ dúró de nǹkan oṣù mọ́ kó tó dé. Àwọn kan ní jẹdíjẹdí ni, kí n má jẹ ohun dídùn mọ́. Mo mu àgbo títí ó fi sú mi.

Ìrora abẹ́ ìdodo tó bá ti tó oṣù 6 kò ṣọ̀wọ́n rárá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ṣírò pé nǹkan bí obìnrin 1 nínú 6 ló ń gbé e kiri. Àwọn ọkùnrin kan náà ń ní in, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ.

Ọjọ́ tí mo ṣe àyẹ̀wò sikáànì, dókítà ní, "Kò sí nǹkan kan, Mà. Ẹ lọ sinmi." Mo sunkún nínú ọkọ̀. Ta ni yóò gbà mí gbọ́ mọ́?

Dókítà kejì ló bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: ṣé ó ń dùn mí bí mo bá ń tọ̀, bí mo bá ń yàgbẹ́, bí èmi àti ọkọ mi bá wà pọ̀? Ó ṣàlàyé pé sikáànì kì í sábà rí endometriosis. Nínú àìsàn yìí, awọ tó jọ ti inú ilé ọmọ a máa hù síta rẹ̀, lára ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Yóò máa wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, títí àwọn ẹ̀yà ara yóò fi lẹ̀ mọ́ra wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 190 obìnrin àti ọmọdébìnrin ló ní in.

Àtọ̀sí tí a kò tọ́jú náà lè dá àpá sínú ilé ọmọ. Ojú iṣẹ́ abẹ àtijọ́ ńkọ́? Ìfun àti àpò ìtọ̀ tí ara wọn kò balẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun méjì tàbí mẹ́ta ló pàdé lára ẹnì kan. Bí ó bá sì pẹ́, ẹran tó gbé ilé ọmọ ró a máa le gbagidi nítorí pé ó ń fún ara rẹ̀ pọ̀ de ìrora. Iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ a wá dà bí ajá tí olè ti bá nílé rí: bí ewé lásán bá já, yóò gbó. Ìwà ipá tí a ti hù sí ènìyàn rí lè dá kún un, èyí kò sì sọ ìrora náà di àròsọ.

Oògùn ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú olùkọ́ eré ìdárayá tó ń kọ́ mi bí a ṣe ń dẹ ara sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí lọ́jọ́ mìíràn. Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi tí mo ń kọ ọjọ́, ibi tó ti dùn mí àti ohun tí mo ń ṣe sí. Òun ni dókítà kọ́kọ́ ń béèrè báyìí. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá dé lójijì, tó le, pẹ̀lú ibà tàbí nínú oyún, ẹ má dúró kọ ìwé o. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.